Orí Kẹta: Ìdáhùn Tí Kò Tíì Parí

Ẹ̀rọ Agbaniwọlé kọ Morádéyọ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí ìyá rẹ̀ tó rí ibi jókòó.

"Ẹ̀rí kò bá ọ̀rọ̀ mu," ni ẹ̀rọ náà wí. Iná orí rẹ̀ pọ́n bí ata rodo. "Àǹfààní kan ṣoṣo ló kù fún ọ. Lẹ́yìn rẹ̀, o kò gbọdọ̀ wá béèrè fún másítà ìmọ̀ dátà mọ́ títí ayé."

"Títí ayé ta ni?" Màmá béèrè. Ó ti rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń tú gèlè rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lórí. "Ayé tìrẹ ni àbí ayé tiwa?"

Ẹ̀rọ náà ga bí ọkùnrin tó gun ọkùnrin léjìká, ó dúró gbọn-in láàárín gbọ̀ngán Yunifásítì Abẹ́-Àpáta. Inú òkè ni wọ́n gbẹ́ yunifásítì náà sí, ihò kan ṣoṣo ni oòrùn sì ń gbà wọlé. Tí oòrùn bá kúrò lójú ihò yẹn lónìí, wọn ò gba ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ kò wúlò fún Morádéyọ̀. Láàárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá so okùn pupa mọ́ ọrùn ẹ̀rọ-omi àdúgbò Ìdí-Ọsàn. Òfin ní àdúgbò tí kò bá ní Olùtúmọ̀ tó mọ èdè ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ tó ń ronú, ẹ̀rọ-omi sì ń ronú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùtúmọ̀ gbọ́dọ̀ ní másítà ìmọ̀ dátà, tàbí kó máa kà á lọ́wọ́. Láníyọnu tó jẹ́ Olùtúmọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, ìjọba ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Tí Morádéyọ̀ bá padà sílé lásán lónìí, okùn pupa kò ní kúrò níbẹ̀, gbogbo Ìdí-Ọsàn yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi lódò, pẹ̀lú korobá lórí, bíi ti ayé àtijọ́.

Akọ̀wé gbọ̀ngán náà rọra rìn wá. Fágbohùn lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó fín dáadáa. Ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn tó sá wá sórí òkè nígbà tí òkun gba Èkó, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí," ó wí. "Ẹ ń bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá kàfíńtà sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ gíga nìyí. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ kàwé, ó sì yẹ kí ìdí náà dùn létí."

"Mo ti sọ ìdí fún un. Wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀rọ-omi wa lọ́rùn."

"Ìyẹn kọ́ là ń pè ní ìdí. Ẹ gbọ́." Ó dijú, ó gbé ọwọ́ sókè. "'Láti ìgbà èwe mi ni iná ìfẹ́ ìmọ̀ ti ń jó nínú ọkàn mi, tí mo sì ń lépa ìmọ́lẹ̀ òye la igbó dídí já...'"

"Kí ló dé tí wọn ò pe panápaná?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Fágbohùn lajú.

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọge kan bọ́ síwájú Agbaniwọlé lákòókò yẹn gan-an, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Láti ìgbà èwe mi ni iná..." Iná orí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ bí ojú ẹni tó jẹ ẹ̀bà yó lọ́sàn-án. Kí ọmọge náà tó dé ibi ìmọ́lẹ̀ òye, ẹ̀rọ ti ní, "A gbà ọ́." Ó fò sókè, ó ń pariwo ayọ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" Fágbohùn wí.

"Mo rí i. Ó ti sùn kó tó gbà á."

"Ṣùgbọ́n ó gbà á."

Fágbohùn fa àga kan, ó jókòó ti Morádéyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò. "Ohun tó ń béèrè ò le. Ẹ ní dìgírì àkọ́kọ́ tó ní ìṣirò nínú?"

"N ò ní."

"Kò burú. Ẹni tí kò bá ní dìgírì lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò, tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń ronú."

"Ta lẹ rò pé ó ń tún ẹ̀rọ-omi ṣe nígbà tí Láníyọnu bá ń sùn? Ọ̀kan tó bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ tú palẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ."

"Ó dáa. Ẹlẹ́rìí ìwà ńkọ́, ẹni tó mọ̀ yín láti kékeré?"

"Òun ló ń fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀ yẹn."

Màmá juwọ́ sí i.

"Ẹ̀kẹta ló ń gbé yín ṣubú nìyẹn. Ohun tí ẹ bá sọ gbọ́dọ̀ bá ohun tí Agbọ́rọ̀ gbọ́ mu."

Kò sí ẹni tí kò mọ Agbọ́rọ̀. Òpó irin ni, ó ní ojú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀ ló máa ń béèrè lọ́wọ́ onílé pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ìdáhùn á lọ sínú àpáta. Láti inú ìdáhùn yẹn ni ìjọba ti ń mọ ibi tí dókítà yóò lọ, ibi tí bíríkìlà yóò lọ, òpópónà tó yẹ kí wọ́n wá tún ṣe. Dókítà kò wá sí Ìdí-Ọsàn rí. Bíríkìlà pẹ̀lú kò wá rí. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ìjọba kórìíra àwọn ni, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀nà wo lẹ tiẹ̀ fẹ́ gbà kà á, tó bá gbà yín?" Fágbohùn béèrè. "Ọ̀nà Inú Àpáta wà. Ọdún méjì, ẹ ò ní jáde, ẹ ò ní rí oòrùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ dáa."

"Ta ni yóò máa bójú tó ẹ̀rọ-omi?"

"Ọ̀nà Ojú Oorun náà wà. Wọ́n á fún yín ní fìlà kan. Bí ẹ bá ti ń sùn ni fìlà ń kọ́ yín. Kò pé ọdún kan, ẹ ti di másítà."

Màmá àti Morádéyọ̀ wo ara wọn.

"Ọ̀nà tí Láníyọnu gbà nìyẹn," Màmá wí.

Láti ìgbà tí Láníyọnu ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni kò ti lè kí èèyàn tààrà mọ́. "Ó ṣeé ṣe kí ẹ káàárọ̀, Màmá," ni yóò wí, yóò dúró, yóò ronú, yóò wojú ọ̀run. "Ẹ jẹ́ ká sọ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá." Ìyàwó rẹ̀ ní tó bá sùn, ó máa ń fi òun wé àwọn ìyàwó tó kù ládùúgbò, á sì máa pe èsì rẹ̀ sókè. Lójú mọmọ ńkọ́, oorun ṣáá. Fìlà yẹn ti kọ́ ọ pé ojú oorun niṣẹ́ wà.

"Oorun mi, tèmi ni," Morádéyọ̀ wí. "Èwo ló tún kù?"

"Ọ̀nà Àbọ̀. Ẹ wà nílé yín, ẹ ń ṣiṣẹ́ yín, àpáta á máa bá yín sọ̀rọ̀ létí ní ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́ta ni. Ẹ lè fi ìdánwò parí ẹ, ẹ sì lè fi iṣẹ́ àkànṣe parí ẹ. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ Ọ̀nà Àbọ̀, wọ́n á tú okùn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ìyẹn ni mo fẹ́. Iṣẹ́ àkànṣe. N kì í ṣe ìdánwò."

"Ẹ kọ́kọ́ wọlé ná, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iná yẹn sí i. Iná díẹ̀ péré."

Morádéyọ̀ dìde. Ìtànṣán oòrùn ti fi àárín gbọ̀ngán sílẹ̀, ó ti ń gun ògiri. Ó dúró níwájú Agbaniwọlé.

"Orúkọ mi ni Morádéyọ̀. Ẹ̀rọ-omi ni mò ń tún ṣe. Kò sí iná kankan nínú ọkàn mi. Nígbà òjò tó kọjá, páìpù bẹ́ lójú ọ̀nà wa, omi dúró, ẹ̀fọn pọ̀, ibà dá àwọn èèyàn dùbúlẹ̀. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo wo ibi tí ibà pọ̀ sí, mo rí i pé ibi tí omi dúró sí náà ni. Mo gbẹ́ kòtò, omi lọ, ibà rọlẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó dáa ju báyẹn lọ. Ó tán."

Iná orí ẹ̀rọ náà tàn yanran. Ó jọ pé ó jí.

"Ọ̀rọ̀ yìí dára gan-an," ó wí. "Irọ́ ni."

"Irọ́ báwo?"

"Nígbà òjò tó kọjá, páìpù kankan kò bẹ́ ní Ìdí-Ọsàn. Ibà kò ṣe ẹnikẹ́ni. Gbọ́."

Ohùn Agbọ́rọ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ. "Ṣé àlàáfíà ni?"

Ohùn Bàbá Ẹgbẹ́yẹmí tó ń gbé ní ìkángun òpópónà ló dáhùn, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n kẹ̀kẹ̀kẹ̀. "A-a-a dú-dúpẹ́."

"Ṣé àlàáfíà ni?"

Obìnrin kan, omi ń dún gbàlù-gbàlù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wọ́dò kọjá nínú ọgbà ara rẹ̀. "A dúpẹ́ o. Kò séwu."

"Ṣé àlàáfíà ni?"

Nǹkan ńlá kan wó, gbììì! Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn Màmá dún ketekete. "Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Morádéyọ̀ yíjú padà. "Ọjọ́ tí ògiri ilé ìdáná wó nìyẹn! Kí lẹ ń dúpẹ́ fún, Màmá?"

"Kò wó lù mí."

"Ó ku ẹyọ kan," ni ẹ̀rọ wí. "Ṣé àlàáfíà ni?"

Ẹnì kan wúkọ́, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, bí ẹni pé àyà rẹ̀ fẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ló ní, "A dúpẹ́ jàre."

Ohùn Morádéyọ̀ ni. Morádéyọ̀ kan náà tó sọ fún káńsẹ́lọ̀ lójú gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Morádéyọ̀ tó ní kí ìyàwó tuntun yí ọbẹ̀ rẹ̀ dànù, kó tún un sè. Màmá bojú wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

"Ọ̀kan nínú méjì," ni ẹ̀rọ wí. "Yálà ìwọ lò ń purọ́ nísinsìnyí, tàbí àdúgbò rẹ ló purọ́ nígbà náà. Tí o bá ní àdúgbò ni, mo gbà ọ́ wọlé, mo sì kọ Ìdí-Ọsàn mọ́ àwọn elékèé. Agbọ́rọ̀ kò ní bi wọ́n léèrè ohunkóhun mọ́. Tí o bá ní ìwọ ni, máa lọ sílé. Yan ọ̀kan."

"Àdúgbò ni," Fágbohùn sọ sí i létí. "Ẹ sọ ọ́ kíá. Wọn ò sí níbí."

Morádéyọ̀ mọ àdúgbò elékèé. Ọ̀kan wà lẹ́yìn òkè tiwọn. Àwọn ẹyẹ irin tó ń gbé oògùn máa ń fò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń fò kọjá lórí igbó. Iná jó níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó wá, torí pé lójú àpáta, kò sí ilé kankan tó lè jóná níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, omi á ṣàn ní Ìdí-Ọsàn nírọ̀lẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n tí ògiri bá tún wó lọ́jọ́ mìíràn, tó sì wó lu Màmá ńkọ́? Ta ni yóò béèrè?

"Àdúgbò mi ò purọ́," ó wí.

"Ìwọ ló ń purọ́ nìyẹn."

"Èmi náà ò purọ́."

"Méjì péré ló wà níbẹ̀ láti yàn."

"Mo gbọ́. N ò mú ìkankan nínú méjèèjì." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ká tètè lọ wá korobá kí ọjà korobá tó gbówó lórí."

"Àǹtí!" Fágbohùn di orí mú. "Títí ayé ni o! Títí ayé ló wí!"

Màmá fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde, ó we gèlè rẹ̀ padà. Kò tíì jáde nílé ẹnikẹ́ni rí láìdágbére, nítorí náà ó lọ bá ẹ̀rọ náà. "A ti ń lọ o. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó."

"Ẹlẹ́rìí," ni ẹ̀rọ wí, torí òfin ní kó bi ẹlẹ́rìí kó tó lọ, "ṣé ìwọ ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ?"

"Rárá o. Kò sí. A dúpẹ́."

Wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà. Morádéyọ̀ ti bọ́ síta. Màmá gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro, ó fi èkejì sílẹ̀ nínú gbọ̀ngán, ó fi ọwọ́ gbá férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì yíjú padà.

"Ṣùgbọ́n ṣá o..."

Morádéyọ̀ dijú. Ó mọ "ṣùgbọ́n ṣá o" yìí. Gbogbo Ìdí-Ọsàn ló mọ̀ ọ́n. Àlejò tó bá ti jókòó láti àárọ̀, tó ní kò sí nǹkan kan, ìgbà tó bá dágbére ni kó o tó wá àga míì fún un.

"...orúnkún yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Látìgbà tí ògiri ti wó ni, torí mo fò sẹ́yìn. Ta ló sì fa ògiri? Omi ni. Páìpù bẹ́, omi ń lọ lábẹ́ ilé gbogbo wa, Láníyọnu sùn lórí ẹ̀rọ títí omi fi wọ ilé àwọn ewúrẹ́. Ibà wá dé. Bàbá Ẹgbẹ́yẹmí, díẹ̀ ló kù, a ti ń wá ẹni tí yóò lọ pe àwọn ọmọ rẹ̀. Eléyìí," ó tọ́ka síta, "òjò ń pa á, ó ń gbẹ́ kòtò. Ó wúkọ́ títí bẹ́ẹ̀dì fi ń rìn. Mo ní kó lọ rí dókítà. Dókítà wo? Kò gbọ́ràn. Kò gbọ́ràn rí láyé rẹ̀. Bó ṣe ń la igi náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀ séèyàn, ìdí nìyẹn tí ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe tó fẹ́ fẹ́ ẹ yẹn ò fi padà wá..."

"Màmá!"

"Ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Òun gan-an, 'ìwọ, ìwọ' ló ń pè mí láti àárọ̀. Ṣé ẹgbẹ́ ni wá ni?"

Àwọn tó wà lórí ìlà ti fi ìlà sílẹ̀, wọ́n ti pagbo. Ìyá arúgbó kan láàárín wọn ń mi orí, ó ń sọ pé, "Bó ṣe rí ládùúgbò tiwa náà nìyẹn." Iná orí ẹ̀rọ kúrò ní pupa, ó di ọsàn, ó di òféfèé, ó tún di àwọ̀ kan tí Fágbohùn ò rí rí.

"Kí ló dé," ẹ̀rọ náà béèrè nígbà tí Màmá mí sínú, "tí o... tí ẹ kò fi sọ èyí nígbà tí a bi yín?"

"Ìgbà wo lẹ bi mí?"

"Láràárọ̀. A ní, ṣé àlàáfíà ni?"

"Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Ìkíni kọ́ nìyẹn? Ta ló ń kó wàhálà lé èèyàn lórí lẹ́nu ìkíni, bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé? O kí mi, mo dá ọ lóhùn, ó yẹ kí o dúró. O ò dúró. Kí n tó yanu, o ti dákẹ́, ó di ọ̀la."

"Ṣùgbọ́n lónìí, mo béèrè bóyá ẹ ní ọ̀rọ̀. Ẹ ní rárá."

"Ṣé mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn ni?"

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú àpáta, ó ń kùn bí ọlọ. Gbogbo òwúrọ̀ Ìdí-Ọsàn látẹ̀yìn wá ń gba orí gíláàsì ẹ̀rọ náà kọjá, níbi tí wọ́n kọ "àlàáfíà" sí, ẹ̀rọ ń pa á rẹ́, ó ń kọ ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀: ìdáhùn kò tíì parí. Ìdáhùn kò tíì parí. Ìdáhùn kò tíì parí.

"Àdúgbò kò purọ́," ó wí níkẹyìn. "Akẹ́kọ̀ọ́ kò purọ́. Ẹni tó béèrè ló tètè lọ."

"Akẹ́kọ̀ọ́ wo?" Fágbohùn béèrè.

"Èyí tó wà níta yẹn. Ọ̀nà wo lò ń gbà?"

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú ihò sílẹ̀ tán. Morádéyọ̀ sáré wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Màmá ṣubú. "Ọ̀nà Àbọ̀! Pẹ̀lú iṣẹ́ àkànṣe!"

"A gbà ọ́. Iṣẹ́ àkànṣe rẹ nìyí: gbogbo ìdáhùn tí kò tíì parí ní Ìdí-Ọsàn. Gbọ́ ìyókù wọn."

Morádéyọ̀ wo ìyá rẹ̀ tó ṣì di férémù mú, tó ń mí kó lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó ro ti Bàbá Ẹgbẹ́yẹmí. Ó ro ti ìyàwó tuntun tó ní kó yí ọbẹ̀ dànù.

"Ìdánwò yẹn," ó rọra bi Fágbohùn, "ṣé ó le púpọ̀?"

Oòrùn kúrò lójú ihò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, okùn pupa ti kúrò lọ́rùn ẹ̀rọ-omi, omi sì ń dà. Màmá ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Morádéyọ̀ jókòó sórí àpótí, nǹkan ìgbọ́rọ̀ yunifásítì wà létí rẹ̀, sípánà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," Agbọ́rọ̀ wí. "Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Òpó náà dúró. Àkùkọ kan kọ. Màmá ń gbálẹ̀ lọ.

"Ó dáa," ni òpó náà wí, òun tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rì mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. "Mo ti ń lọ o."

Màmá gbé ọwọ̀ kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n ṣá o..."

Ó pẹ́. Orúnkún wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Morádéyọ̀ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ torí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí Màmá tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán, tó wọlé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, òpó náà yí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo sí Morádéyọ̀.

"Akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́."

"Mo ti ń lọ o."

"Máa lọ." Ó mú sípánà rẹ̀, ó dìde, ó forí lé ìdí ẹ̀rọ-omi. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yí, ó dúró. Ó wúkọ́. Ó wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Ó padà wá, ó fi sípánà sílẹ̀, ó jókòó.

"Fìdí kalẹ̀," ó wí fún òpó náà. "Ó máa pẹ́ díẹ̀."